Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Kíkọ́ Iṣẹ́ X-ray ní Community College ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí iṣẹ́ X-ray pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a mú márùn-ún nínú wọn, a sì gé àwọn kan kúrú láì fọwọ́ kan ìtumọ̀ wọn. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ni ẹni tó ń to aláìsàn sí ipò, tó sì ń ya àwòrán, ẹni tí wọ́n ń pè ní radiologic technologist ní Amẹ́ríkà, tí àwa ní Nàìjíríà mọ̀ sí radiographer. Dọ́kítà tó ń ka àwòrán náà, tó sì ń kọ èsì rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ la mú dání lónìí.

Ìbéèrè láti Houston, Texas

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 39 ni mí, ọmọ méjì ni mo bí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ó wù mí kí n kọ́ iṣẹ́ X-ray. Ní community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà fún àwọn ará àdúgbò, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì kan fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà kí n wá bá àwọn ẹlòmíràn du àyè. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan sì wà tó ní oṣù díẹ̀ ni tòun, pé kò sí títò, kò sí ìdíje, kí n ṣáà ti sanwó. Ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ ń lọ, kí n gba èyí tó yá. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá, arábìnrin wa. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé fún yín: “Bí mo bá parí lọ́dọ̀ yín, ṣé ARRT yóò jẹ́ kí n ṣe ìdánwò Radiography?” ARRT ni àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ X-ray ní Amẹ́ríkà, tó sì ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, láti ọdún 1922. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, àjọ náà kì í gba ẹni tí kò bá ní ó kéré tán associate degree (dígírì ọdún méjì), kì í sì í gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbi tí òun kò fọwọ́ sí, bó ti wù kí ọwọ́ onítọ̀hún já fáfá tó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹnu, tí wọ́n ń sọ pé àwọn náà ní sátífíkéètì tiwọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín nìyẹn.

Mi ò sọ pé oníjìbìtì ni wọ́n o. Ní Texas tí ẹ wà, oríṣi ìwé àṣẹ méjì ni Texas Medical Board ń fún àwọn tó ń ya X-ray: ọ̀kan kún rẹ́rẹ́, èkejì ní ààlà. Ẹni tó ní èyí tó ní ààlà lè ya àyà, tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ní ọ́fíìsì dọ́kítà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá apá ara tí ìwé àṣẹ rẹ̀ dárúkọ, ilé ìwòsàn ńlá kì í sì í sábà gbà á síṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ni wọ́n ń tà fún yín. Ọjà gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ni ẹ tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn, tó wá ń wá iṣẹ́ ẹ̀rọ CT tàbí MRI, tí wọ́n fi ń ya inú ara, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò padà sí, owó méjì ni yóò sì ti ná. Ní tèmi, ẹ lọ tò. Ní ìlú yín, Houston Community College ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Coleman College tó wà ní agbègbè Texas Medical Center. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu wọn.

Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe ọgbọ́n láti gba owó yín. Anatomy and Physiology apá kìíní àti apá kejì, college algebra, àti English ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì ń fi medical terminology kún un. Máàkì tí ẹ bá gbà nínú wọn ni wọ́n fi ń to orúkọ yín, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìdánwò àbáwọlé bíi TEAS tàbí HESI, nítorí pé àyè kì í pọ̀. Kì í ṣe àga inú kíláàsì ni kò tó. Àwọn yàrá X-ray àti àwọn technologist tó lè dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwòsàn ló níye. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi Anatomy ṣe àfipẹ̀gàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì ṣe é dáadáa, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá ó ní iye ọdún tí kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì fi ń gbó lọ́dọ̀ wọn, nítorí àwọn kan kì í ka èyí tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ. Ìpele yìí ṣeé ṣe pọ̀ mọ́ iṣẹ́ alẹ́ yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti jókòó ṣírò ni ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Ètò náà sábà máa ń gba nǹkan bí oṣù 24, ìgbà ooru tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù fi ń sinmi sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ìyókù jẹ́ ti kíláàsì àti yàrá ìdánrawò. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àpapọ̀ rẹ̀ kì í ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀. Ẹni tó ń jáde iṣẹ́ alẹ́ ní aago méje kan náà kò lè wà níbi méjì. Bó bá sì rí ọgbọ́n dá sí i, oorun ni yóò máa kùn ún nígbà tó yẹ kó máa fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lára ìwé wé ti aláìsàn tó jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, bóyá iṣẹ́ yín lè di ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò máa mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ní ilé ìwòsàn. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í sábà rántí: àwọn ilé ìwòsàn ńlá máa ń gba àwọn tó ń ti aláìsàn lọ sí yàrá X-ray tí wọ́n sì ń tì í padà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é fún ọdún kan, àwọn technologist ti mọ orúkọ rẹ̀ kó tó di akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Ẹ ò béèrè nípa físíksì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé. Ìṣirò inú rẹ̀ kò le, algebra lásán ni. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa fọkàn rí ohun tí ojú kò rí. Nọ́ńbà méjì ni ẹ óò máa bá fà á títí ẹ óò fi fẹ̀yìn tì: kVp, tó ń sọ bí ìtànṣán yóò ṣe lágbára tó láti la ara kọjá, àti mAs, tó ń sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó. Àwòrán ọwọ́ kì í sábà ju 60 kVp lọ, ṣùgbọ́n ti àyà máa ń wà láàárín 110 sí 125, kí ìtànṣán lè gba inú egungun ìhà kọjá, kí ẹ̀dọ̀fóró lè hàn dáadáa. Bí ẹ bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún kVp, ohun tó máa dé ojú ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìgbà tí ẹ bá sọ mAs di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn kan yìí dé ìdí rẹ̀ ti mọ ìdajì kọ́ọ̀sì náà. Ẹni tó bá kàn kọ́ ọ sórí, ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni yóò dá a mọ̀.

Kí ARRT tó gbà yín sí ìdánwò, olùdarí ètò yín yóò jẹ́rìí sí i pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe oríṣi àwòrán 36 tó jẹ́ dandan àti 15 tí ẹ yàn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ṣe là á sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn bíi wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti CPR (títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró). Ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ wà nínú èyí, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí yín kò fi ṣe nǹkan kan lójú mi. Ẹni tó ti ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn mọ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà láì dun ún, èyí tí ọmọ ogún ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, 75 ni máàkì ìkọjá, ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n sì máa ń fúnni láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá sì ti ní ẹjọ́ tí kóòtù dá a lẹ́bi rẹ̀ rí, kí ó kọ̀wé sí ARRT kó tó wọ ilé ìwé rárá. Àyè wà láti bi wọ́n ṣáájú bóyá wọn yóò gba òun.

Ní ti owó, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tí ẹ ní green card, ẹ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Pell Grant, owó tí a kì í san padà, lè tó 7,395 dọ́là ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, owó ilé ìwé community college sì dín fún ẹni tó ń gbé ní agbègbè rẹ̀. Àwọn tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò ní ìpín nínú Pell. Iye tó ń dúró dè yín lẹ́yìn rẹ̀ nìyí: ní ọdún 2023, bí a bá mú oníṣẹ́ X-ray méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ń gbà ju 73,410 dọ́là lọ lọ́dún, èkejì ń gbà tó dín sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba àpapọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Ètò ẹ̀kọ́ tí JRCERT, àjọ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ X-ray wò káàkiri Amẹ́ríkà, bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà mẹ́ta síta fún gbogbo ayé: iye tó yege nínú ìdánwò ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́, iye tó ríṣẹ́ láàárín oṣù 12, àti iye tó parí nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìṣirò ọdún márùn-ún, nítorí náà kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í fi wọ́n yangàn. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń yege, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìdajì wọn ti já sọ́nà kó tó di ọjọ́ ìdánwò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdajì yẹn.

Ìbéèrè láti New York

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò X-ray. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fi mí sí, nígbà tí àwòrán ìgúnpá tí mo yà láti ẹ̀gbẹ́ kò dára, technologist tí mo ń tẹ̀ lé ní kí n lọ tún un yà, òun fúnra rẹ̀ sì jáde lọ jẹun. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́, torí òun ló ń fún mi ní máàkì. Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló tún dé tí ìgúnpá kì í gún lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ìlànà JRCERT kò ní ojú méjì lórí èyí. Àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní láti tún yà, technologist tó ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dúró tì í nínú yàrá náà, kódà bí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún bá ti yege nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún àwòrán tí o ti yege nínú rẹ̀, ó tó kí technologist wà nítòsí níbi tó ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fún èyí tí o kò tíì yege nínú rẹ̀, ojúkojú ni. Fún àtúnyà, ojúkojú ni nígbà gbogbo. Aláìsàn náà ti gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan láìrí èrè rẹ̀. Kò yẹ kó gbà á lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ ohun tó bà á jẹ́ nígbà àkọ́kọ́.

Nígbà mìíràn, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé wọn kò gbà yín láyè láti tún àwòrán yà láìsí technologist, pé o máa dúró dè é títí yóò fi jẹun tán. Tó bá fi ìkanra dá ọ lóhùn, kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì sọ fún ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín fi ṣe alákòóso ilé ìwòsàn. Ètò kọ̀ọ̀kan ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti bá wọn sọ ọ́ láìjẹ́ pé o fi ara rẹ sínú ìjà. Bó o bá dákẹ́, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, orúkọ tìrẹ ló wà lára àwòrán.

Ní ti ìgúnpá, wo ibi tí èjìká wà kó o tó wo ibi tí ọwọ́ wà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àga aláìsàn ga ju bó ti yẹ lọ, èjìká rẹ̀ wá wà lókè, apá rẹ̀ ń rọ́ wálẹ̀ sórí tábìlì. Jẹ́ kó jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀, tàbí kó o gbé tábìlì sókè, títí èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ yóò fi wà ní ìpele kan náà. Ká ìgúnpá náà ní igun 90, kí àtàńpàkò kọjú sí òkè àjà, kí ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré sinmi lé tábìlì. Nígbà náà ni àwọn orí egungun apá òkè yóò bo ara wọn lójú àwòrán. Igun 90 yẹn kì í ṣe ti ẹwà: ọ̀rá kékeré kan wà lẹ́yìn ìgúnpá tí kì í hàn nígbà tí ara bá pé, dọ́kítà sì máa ń fi híhàn rẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí egungun ti sán níbi tí ojú kò rí. Bí ìgúnpá bá nà ju bó ti yẹ lọ, ọ̀rá náà lè yọjú láìsí egungun tó sán, o sì ti fi àwòrán rẹ ṣi dọ́kítà lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ìrora kò bá jẹ́ kí aláìsàn ká a, má fipá ká a. Yà á bó ṣe wà, kí o sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Maryland ti wọ ilé ìwé láti kọ́ iṣẹ́ X-ray. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé ni wọ́n ti ń sọ pé ìtànṣán yẹn yóò ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́. Kò tíì lọ́kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ní kó fi sílẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ṣe ní kó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àwọn ará ilé yín ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹ̀rù wọn ní ìdí. Nígbà tí Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lè pani lára. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn tó kọ́kọ́ lò ó fi ń dán ẹ̀rọ wò láràárọ̀. Clarence Dally, tó bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pàdánù apá rẹ̀ méjèèjì kó tó kú ní ọdún 1904. Ní ọdún 1936 wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Hamburg, orúkọ 169 ènìyàn tí iṣẹ́ ìtànṣán pa ló sì wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Òfin tó ń dáàbò bo ọmọ yín lónìí, lára ikú àwọn wọ̀nyẹn ló ti wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà nísinsìnyí nìyí. Bí ọmọ yín bá ti to aláìsàn sí ipò tán, yóò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bọ́ sẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi òjé sí nínú, dígí tó ní òjé ni yóò sì máa gbà wo aláìsàn kó tó tẹ bọ́tìnì. Kété tó bá ti gbé ọwọ́ kúrò, kò sí ìtànṣán kankan mọ́ nínú yàrá. Kì í lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ, kò sì lè bá a délé. Ní ibi tí kò bá ti sí ògiri, bíi yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀wù òjé ni yóò wọ̀, yóò sì jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ìtànṣán ti ń jáde. Bí jíjìnnà rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń bà á yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Báàjì kékeré kan yóò wà ní ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó ń ka gbogbo ohun tó bà á, wọn yóò sì máa fi èsì rẹ̀ hàn án. Wọn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa di ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán mú fún aláìsàn nígbà tí wọ́n bá ń yà á.

Òfin Amẹ́ríkà ní ìtànṣán tó bá òṣìṣẹ́ lára lọ́dún kò gbọdọ̀ ju 50 mSv lọ (mSv ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó bá ara), ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá X-ray lásán kì í sì í sún mọ́ iye yẹn rárá. Ilẹ̀, òkúta àti ojú ọ̀run nìkan ń fún ará Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 3 mSv lọ́dún láìjẹ́ pé ó wọ ilé ìwòsàn. Ìtànṣán tó lè ba ẹyin obìnrin jẹ́ ni èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń darí sí ikùn gan-an, ó sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ohun tí báàjì ọmọ yín máa kà. Bí Ọlọ́run bá fún un lóyún lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nílé ìwé, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni èyí wà; ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú un. Bó bá ti kọ ọ́, ohun tó máa dé ara ọmọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún dé ìbímọ kò gbọdọ̀ ju 5 mSv lọ, wọn yóò sì fún un ní báàjì kejì tí yóò wà ní ìbàdí lábẹ́ ẹ̀wù òjé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń bímọ. Ohun tí mo rọ̀ yín kí ẹ máa bi í lórí fóònù ni bóyá ó ń wọ báàjì rẹ̀ lójoojúmọ́, torí àwọn ọmọ ìwòyí a máa fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ìbéèrè láti Baltimore, Maryland

Mo ní B.Rad, dígírì iṣẹ́ X-ray, láti yunifásítì kan ní Nàìjíríà, mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ RRBN, àjọ tó ń fi orúkọ àwọn radiographer sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà kí n tó dé síbí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ ní community college. Ṣé òótọ́ ni pé ọdún márùn-ún tí mo fi kàwé kò já mọ́ nǹkan kan?

Ìdáhùn

Ó já mọ́ nǹkan, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe retí. ARRT kì í gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun wọ ìdánwò Radiography tààrà. Ó gbọ́dọ̀ parí ètò tí àwọn fọwọ́ sí. Èmi náà gbà pé ó dunni, pàápàá fún ẹni tó ti ń dá yàrá X-ray ṣe lóru níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ dandan. Ohun tí ẹ óò béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni àyè ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní advanced standing. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè wo transcript (ìwé máàkì) yín kọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n má kàn kọ ọ́ pé ó bá dígírì Amẹ́ríkà dọ́gba. Ẹ bẹ RRBN kí wọ́n fi ìwé ìjẹ́rìí ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé tààrà sí olùdarí ètò X-ray, kì í ṣe sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, nítorí àwọn yẹn kò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ. Montgomery College wà lára àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ yín. Bí èyí tí ẹ kọ́kọ́ bá bá kọ̀, ẹ lọ sí ibòmíràn. Olùdarí kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀, àwọn kan yóò fojú fo kọ́ọ̀sì púpọ̀ fún yín, àwọn kan kò ní fojú fo ẹyọ kan. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ẹ kò ní lè yẹ̀ sílẹ̀, torí olùdarí yìí ni yóò fọwọ́ sí i pé ẹ lè ṣe oríṣi àwòrán tí ARRT là sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì wà ní Nàìjíríà tó ń ka èyí, kí ó mọ̀ pé HCPC, àjọ tó ń fi orúkọ àwọn radiographer sílẹ̀ ní Britain, máa ń yẹ ìwé radiographer tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun wò fúnra rẹ̀, wọn kì í ní kí gbogbo wọn padà sílé ìwé. Ìyàtọ̀ yẹn yẹ ní rírò kí èèyàn tó yan ibi tó ń lọ.

Ìbéèrè láti Chicago

Mo ti gba àyè sí ètò X-ray, wọ́n ní kí n ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife (TB). Wọ́n gún abẹ́rẹ́ kékeré sábẹ́ awọ apá mi, ibẹ̀ sì wú. Nọ́ọ̀sì ní mo lè ní ikọ́ ife. Ara mi le koko, mi ò húkọ́. Ṣé wọ́n máa gba àyè mi lọ́wọ́ mi ni?

Ìdáhùn

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wo apá yín lókè. Bí àpá kékeré roboto kan bá wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ife tí wọ́n fún wa ní kékeré nílé, ni, ó sì lè mú kí àyẹ̀wò abẹ́ awọ wú láìsí ikọ́ ife rárá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un gún. Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín fún QuantiFERON tàbí T-SPOT, tí BCG kì í dà láàmú. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kò sí nǹkan, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá fi hàn pé ó wà, wọn yóò ya àyà yín. Bí àyà bá mọ́, kòkòrò náà ń sùn nínú yín ni, ẹ kò lè kó o ran aláìsàn, oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà fún un. Ẹ kọ̀wé sí olùdarí ètò lónìí, kí ẹ so ìwé dọ́kítà mọ́ ọn, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún kíkó ìwé wá má baà kọjá lórí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B bí ẹ kò bá tíì gbà á, torí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà ni èyí tó wọ́pọ̀. Bí àkókò kò bá tó, ẹ béèrè fún èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan.